Ọwọ́ Òsì Ni Ti Ẹ̀gbin

Ilé ìtọ̀ iléeṣẹ́ wa ni ẹ̀rù ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Mo lóṣòó, mo tọ̀, mo da omi láti inú búùtà, mo fi wẹ abẹ́ mi bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré, àfi ṣàà! Ó ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata rodo ra èèyàn lójú. "Yéè!" ló jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí pé àwọn tó ń dúró dè mí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan béèrè láti òde pé ṣé kò sí o. Mo ní kò sí, mo fẹsẹ̀ kọ ni. Ìgbà tí mo wá tẹjú mọ́ ara mi, orí nǹkan ọmọkùnrin mi ti pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti bó, awọ tó kù sì ti sán wẹ́wẹ́. Mo fa ṣòkòtò mi sókè wéré. Àfi bí ẹni pé tí mi ò bá rí i, kò ní sí níbẹ̀ mọ́!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọ̀bùn ni mí. Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn. Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó mọ́ ní gbogbo àdúgbò Jojú, ẹ máa kan ilé mi kí ẹ tó kan ilé ẹlòmíràn. Bàbá mi, bíríkìlà ni l'Ọ̀tà. Sìmẹ́ńtì ló ń bo ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ kò jẹ́ tọ̀ kó má fomi sí i. Òun ló kọ́ mi ní tahárà, pé tí ọkùnrin bá tọ̀ tán, kó ní sùúrù kí ìtọ̀ kán tán, kó wá fi ọwọ́ òsì wẹ ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ̀gbin má baà bá a dé orí ìrun. "Ọwọ́ ọ̀tún ni ti oúnjẹ," bàbá mi á wí, "ọwọ́ òsì ni ti ẹ̀gbin. Má pa wọ́n pọ̀." Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé, tí mo na ọwọ́ òsì gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbájú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí. Ìyàwó mi wá fi ọ̀rọ̀ yìí sọ mí lórúkọ. Mi ò tíì fojú rí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n Alájí Búùtà ló ń pè mí, torí pé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìtẹ̀lé, mo gbé búùtà tèmi dání. Ó ní òun rò pé tíì ni mo fẹ́ wá sè fún wọn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò bá ẹni tó mọ́ mu, ìyẹn ni mo gbà. Táńkì omi là ń ṣe, àwọn ńláńlá tí ẹ máa ń rí lókè ilé. Faibà la fi ń ṣe é. Faibà yìí, òwú gíláàsì ni, ó rí bí aṣọ, ó sì ń yún ara bí wèrèpè. A ó tẹ́ ẹ sára móòdù, ìyẹn àwòṣe táńkì, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù lé e lórí, a ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Gọ́ọ̀mù náà ní omi kan tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè tètè le. Òórùn omi yẹn nìkan, ó lè mú kí ojú èèyàn máa ṣomi títí di alẹ́. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń fún wa kì í pẹ́ ya, tó bá sì ti ya, ó di kí kálukú máa fi ọwọ́ lásán ṣe é. Èmi wá ní ọgbọ́n tèmi. Ọ̀tún ni mo fi ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Òsì ni mo fi ń tẹ faibà, òun náà ni mo fi ń nu gọ́ọ̀mù tó bá ṣàn. Mi ò jẹ́ kí ìdọ̀tí yẹn kan ọwọ́ tí mo fi ń jẹun láéláé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ọwọ́ ọ̀tún mi ń lọ síbi ìgbéyàwó ni. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ikùn ara wọn.

Nítorí náà, nígbà tí mo kúrò nílé ìtọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ohun tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe iṣẹ́ rárá. Àtọ̀sí ni. Kí ló tún ń ta ọkùnrin níbẹ̀ yẹn? Bẹ́ẹ̀, mo mọ ara mi. Wàláì, mi ò mọ obìnrin mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó wà nílé mi. Mi ò tilẹ̀ ní agbára rẹ̀. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, oorun ni. Bí kì í bá wá ṣe èmi ni mo lọ kó o níta, ta ló kó o wọlé? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lórí bí mo ṣe ń po gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, mo sì sọ fún ara mi pé kí n pa ẹnu mọ́, àmọ́ ta ni í pa ọkàn lẹ́nu mọ́?

Ẹ gbọ́, mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Mi ò ní fi bò. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n so yìgì wa, Ọlọ́run ò tíì fún wa lọ́mọ, ṣùgbọ́n tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí mo gbọ́ ìró màsíìnì ìránṣọ rẹ̀ láti ìta, gbogbo egungun mi ló máa ń rọ̀. Ẹ̀rù tó bà mí wá ní ẹnu méjì bí ọ̀bẹ aṣóró. Tí mo bá sọ fún un, á ní mo ti lọ ṣe ìṣekúṣe, á di ẹrù rẹ̀. Tí mo bá lọ ṣe àyẹ̀wò, tí wọ́n sì rí àtọ̀sí níbẹ̀, a jẹ́ pé òun ni. Ọ̀nà méjèèjì, ilé mi ti tú. Mo wá ronú pé kí n tọ́jú ẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó san, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, kí èmi náà má mọ ohun tó jẹ́.

Ni mo bá múra sí ìwẹ̀. Omi gbígbóná oníyọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo ra oògùn apakòkòrò, èyí tó máa ń funfun tí wọ́n bá bù ú sómi, mi ò bù ú sómi púpọ̀ rárá. Mo fi kànrìnkànrìn ha á. Mo fi ọṣẹ dúdú tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe irú ẹ̀ o! Mo di ògiri balùwẹ̀ mú, mo ki aṣọ ìnura mi bọ ẹnu kí n má baà ké. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni ó ń bó tó. Mo wá ń ṣe tahárà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ní bóyá ẹ̀gbin ló kù síbẹ̀. Kó tó di ìrun àsárì, mo ti lọ sílé ìtọ̀ débi pé ọ̀gá wa béèrè bóyá mo ti fẹ́ kó wọ ibẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Warri kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ bò, rí bí mo ṣe ń gbẹ́sẹ̀ gàgà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Oga, who give you?" ló wí. Mo ní kí ló ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín. "Na gono be dat. Treat am sharp-sharp. My broda for Sapele hide im own, na knife doctor take settle am." Ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń gé ilá. Mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán tí mo rà. Ìrẹsì náà wà níwájú mi títí eṣinṣin fi bò ó, mo kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ yẹn tó ń gé ilá.

Nígbà tí a ṣíwọ́, mo gba Ṣàngó lọ. Lábẹ́ afárá ibẹ̀, ọkọ̀ kan wà tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó àgbo, ohùn inú ẹ̀rọ rẹ̀ ò sinmi. "Ṣé ó ń ta ẹ́ tó o bá ń tọ̀? Ṣé ò ń họ ara níbi tí o ò lè fi hàn ìyá ẹ? Àtọ̀sí ni! Má jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán!" Mo ti ń gbọ́ ariwo yìí láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ó dà bíi pé orúkọ mi ló ń pè. Mo kọjá. Mo tún padà. Mo dúró sídìí oníbẹ́líìtì kan, mò ń ná bẹ́líìtì tí mi ò fẹ́ rà, títí tí ọ̀nà fi dá díẹ̀, mo wá sún mọ́ ọkọ̀ náà bí olè. Ọkùnrin tó ń tà á kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ó kàn wo ẹsẹ̀ mi, ó na ìgò kan sí mi, ìgò gbọọrọ tó ní ìdérí pupa, tí àgbo inú rẹ̀ dúdú bí ọtí tó ti kan. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú ògbólógbòó bàtà iṣẹ́ mi kan nígbà tí mo délé, mo sì ń mu ún lówùúrọ̀ kí n tó jáde. Ìgbẹ́ gbuuru ló fún mi. Ibi tó ń ta mí kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo mu nǹkan kan.

Lákòókò yìí ni mo wá ń ṣàkíyèsí ìyàwó mi. Kò pè mí ní Alájí Búùtà mọ́. Tí a bá dùbúlẹ̀, á sún mọ́ ògiri, á di aṣọ mọ́ra pinpin. Tó bá wọ balùwẹ̀, á pẹ́ níbẹ̀ débi pé ayálégbé kejì á máa kan ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo ṣàdédé wọ yàrá, mo rí i tó yára ti nǹkan bọ abẹ́ àwọn aṣọ oníbàárà tó wà nídìí màsíìnì. Mo ní, "Kí nìyẹn?" Ó ní, "Òwú ni." Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ màmá òun ní Ìtẹ̀lé, pé ara màmá òun kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Bẹ́ẹ̀, mo bá màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá ọjọ́ náà, màmá ń rẹ́rìn-ín kèékèé! Mo ní kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu síta. A jọ jẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní ọbẹ̀ náà dùn, ó ní ẹ ṣeun, jìnnìjìnnì sì ti bò mí látorí dé àtàǹpàkò. Mo ti rí i pé ó ti parí. Obìnrin yìí fẹ́ lọ.

Ohun tó lé mi dé ọsibítù ni ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo fẹ́ wọ jàlàbíà funfun mi, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sínú pátá mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rí ọ̀bẹ dókítà, mo rí ọwọ́ ọmọ Warri. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mò ń lọ kírun, ó ní kí n gbàdúrà fún òun. Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí wọlé lọ́sibítù ìjọba tó ẹni tó bí mi, ó we gèlè kékeré, ojú rẹ̀ le bí ojú tíṣà. Mo ní mà, ṣé kò sí nọ́ọ̀sì ọkùnrin. "Bọ́ ṣòkòtò ẹ, ọmọ mi," ló wí. "Kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò tíì rí rí?" Mo bọ́ ọ. Mo fi ọwọ́ bojú bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ó wò ó, ó sún iná mọ́ ọn, ó béèrè ohun tí mo ti fi sí i. Mo ka iyọ̀, mo ka oògùn apakòkòrò, mo ka kànrìnkànrìn. Nígbà tí mo dé orí kànrìnkànrìn, ó ní, "Háà! Ṣé ìkòkò ni?" Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, wọ́n ní kí n tọ̀ sínú ike, wọ́n ní kí n lọ jókòó.

Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì yẹn, mò ń ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, mo sì ń ṣì wọ́n kà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ àdúrà tí mo lè gbà. Mo bẹ Ọlọ́run pé tó bá jẹ́ pé àrùn ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ pé ilé ìtọ̀ iléeṣẹ́ ni mo ti kó o, kí wọ́n má sọ pé ó ti ara èèyàn wá. Kódà, mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n gé e tó bá jẹ́ pé gígé ni, kó ṣáà fi ìyàwó mi sílẹ̀ fún mi. Ẹ wo irú àdúrà bẹ́ẹ̀! Kí ni màá fẹ́ fi ìyàwó ṣe nígbà náà?

Wọ́n pè mí. Nọ́ọ̀sì wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Kò sí àtọ̀sí. Kò sí rẹ́kórẹ́kó. Kò sí ìkankan nínú àwọn tí ò ń rò." Mo ṣì ń la ẹnu nígbà tó na ọwọ́ mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó dojú wọn délẹ̀, ó tún yí wọn padà. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi jọ̀lọ̀. Ti òsì ti bó, ó sán láàárín ìka, gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí ìdí èékánná. "Kí ló dé tí wọn ò jọra wọn?" Mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún un, mo sì fi ìgbéraga sọ pé mi ò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù kan ọwọ́ tí mo fi ń jẹun. Ó mi orí. Ó wá rọra béèrè, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, pé, "Tó o bá tọ̀ tán, ọwọ́ wo lo fi ń wẹ abẹ́?"

Mo wo ọwọ́ òsì mi.

"O máa ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó o bá tọ̀ tán, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, pẹ̀lú ọṣẹ. "Ṣáájú kó o tó tọ̀ ńkọ́?" Yéè, bàbá mi o! Ta ló ń fọ ọwọ́ ṣáájú? Ọwọ́ tó ń lọ síbi ẹ̀gbin, kí la fẹ́ fọ̀ ọ́ sí? Gíláàsì wẹ́wẹ́ àti gọ́ọ̀mù tó ń jóni lára ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi rà mọ́ ibẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá ti ṣe tahárà, mo sì tún ń fi kànrìnkànrìn ha á wọnú. Nọ́ọ̀sì ní awọ ibẹ̀ yẹn fẹ́lẹ́, kò ṣe é ha, kò fẹ́ oògùn apakòkòrò. Omi lásán tó mọ́ àti ọṣẹ tí kò le ti tó, kí n sì jẹ́ kó gbẹ kí n tó wọ pátá. Ó ní kí n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì kí n tó tọ̀, kí n má wọ aṣọ iṣẹ́ wọ yàrá, kí n lọ bá ọ̀gá mi jà fún ìbọ̀wọ́ tó dára. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Kí ló dé tí èmi yà wọ́n nípa? Ó fún mi ní ìpara. Mo ti dìde nígbà tó ní, "Mú ìyàwó ẹ wá, kí n rí òun náà."

Inú bí mi. "Ẹ ní kò sí àrùn! Kí ló wá kan ìyàwó mi?"

"Mú un wá ni mo wí."

Mi ò wọ mọ́tò, mi ò gun ọ̀kadà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn débi tí ó rẹ̀ mí, mò ń rẹ́rìn-ín lójú pópó bí wèrè. Mo fẹ́ sáré wọlé kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ká jọ rẹ́rìn-ín sí mi títí. Mi ò gbọ́ ìró màsíìnì láti ìta. Mo bá a tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti dì í. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ tán láìfi ìkankan pamọ́: ìtọ̀ tó ń ta mí, ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò, gọ́ọ̀mù, ọwọ́ òsì. Mo fa ìgò onídèérí pupa yẹn yọ nínú ògbólógbòó bàtà yẹn kó lè rí bí mo ṣe ya dìndìnrìn tó.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìgò náà. Ó dìde, ó lọ sídìí màsíìnì, ó na ọwọ́ sábẹ́ àwọn aṣọ oníbàárà, ó fa ìgò kan yọ, ó gbé e ti tèmi. Gbọọrọ ni. Ìdérí pupa ni. Ó ti mu tirẹ̀ dé ìdajì.

"Ó ń ta èmi náà," ló wí. "Mo rò pé ẹ máa ní mo ti lọ kó o níta. Mo ní kí n tètè lọ sílé wa kí ẹ tó lé mi."

Ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù tó ti kúrò lára mi lójú ọ̀nà padà dé, ó sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mo rí i pé ẹnì kan ti ń jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, èmi ni mo sì fi gọ́ọ̀mù ọwọ́ mi dáná náà. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mi ò mọ ọwọ́ tí màá nà sí i. Òsì ló sún mọ́ ọn jù, mo na òsì, ó sì rí i tó ń bọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Alájí Búùtà," ló wí, "ẹ lọ fọ̀ ọ́ ná."